Inú Rírun Kì Í Ṣe Ẹyọ Kan: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìfun Tí Ẹ̀jẹ̀ Kò Dé Mọ́

  Ọ̀rọ̀ inú ni ètò ti òní dá lé lórí. Inú tí oúnjẹ ń gbà kọjá ni a ní lọ́kàn, kì í ṣe inú tí a fi ń ṣe rere tàbí ìkà. Èdè Yorùbá kó ohun púpọ̀ sí abẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí. Inú ni ó ń dùn, inú ni ó ń bàjẹ́, inú ni ó ń bí ni, inú kan náà ni ó sì ń run. Bí ọmọdé bá jẹ máńgòrò tí kò pọ́n, inú rírun ni. Bí àgbàlagbà bá jẹ ẹ̀wà ní ọ̀gànjọ́ òru, inú rírun ni. Bí obìnrin bá ń ṣe nǹkan oṣù rẹ̀, inú rírun ni. Bí ìfun baba ẹni 70 ọdún bá sì ń kú lọ nínú rẹ̀ nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́, inú rírun náà ni gbogbo ilé yóò pè é. Níwọ̀n ìgbà tí orúkọ ti jẹ́ ọ̀kan, kì í pẹ́ kí oògùn náà tó di ọ̀kan: wọn a gbé àgbo jẹ̀díjẹ̀dí wá, wọn a po kán-ún mọ́ omi, wọn a ní kí ó sùn, kí ilẹ̀ mọ́. Nínú irú àìsàn tí ètò yìí fẹ́ ṣàlàyé, ilẹ̀ lè mọ́ kí ẹ̀pa má bóró mọ́.

Ìbéèrè tí a ó dáhùn ni pé: kí ni ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sí ìfun dínkù tàbí kí ó dáwọ́ dúró? Àwọn wo ni ó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra jù? Báwo sì ni ará ilé ṣe lè fura nígbà tí àtúnṣe ṣì wà?

Kí a tó lè mọ ohun tí ó bàjẹ́, ó yẹ kí a mọ bí ó ṣe wà kí ó tó bàjẹ́. Ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ àgbàlagbà gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 20; ìfun ńlá gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 5. Wọ́n ká jọ sínú ikùn bí okùn tí a ká sínú apẹ̀rẹ̀. Awọ inú wọn ni ó ń fa agbára inú oúnjẹ, tí ó sì ń fi í lé ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti gbé kiri ara. Iṣẹ́ ńlá ni, ẹni tí ó bá sì ń ṣiṣẹ́ ńlá kò lè ṣàìjẹun. Ẹ̀jẹ̀ ni oúnjẹ ìfun. Nígbà tí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, nínú gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún títí dé ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ń gba ọ̀nà ikùn lọ. Bí ó bá jẹun tán, ìpín ikùn tún ń pọ̀ sí i, nítorí pé iṣẹ́ dé.

Ọ̀nà wo ni ẹ̀jẹ̀ náà ń gbà? Àwọn iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn ni àwọn onímọ̀ ń pè ní iṣan àlọ. Àwọn tí ń gbé e padà sínú ọkàn ni iṣan àbọ̀. Iṣan àlọ tí ó tóbi jù nínú ara gba iwájú eegun ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ bí títì ńlá. Ẹ̀ka 3 ni ó yà kúrò lára rẹ̀ láti bọ́ ikùn. Ẹ̀ka ti òkè ń bọ́ àpòlúkù àti ẹ̀dọ̀. Ẹ̀ka ti àárín ń bọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ àti apá ọ̀tún ìfun ńlá. Ẹ̀ka ti ìsàlẹ̀ ń bọ́ apá òsì ìfun ńlá. Àwọn ọ̀nà àbùjá kéékèèké sì wà láàárín ẹ̀ka kan àti èkejì.

Ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n wé ìlú kan tí ọ̀nà mẹ́ta wọ inú ọjà rẹ̀. Bí ọ̀nà kan bá ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, àwọn èrò yóò ti máa la àbùjá. Àbùjá náà yóò máa fẹ̀ sí i, ọjà kò sì ní tú. Ṣùgbọ́n bí igi ńlá bá wó dí ọ̀nà náà ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo, àbùjá kò tíì fẹ̀ tó láti gba ọkọ̀ akẹ́rù, ọjà yóò sì ṣófo ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìfun rí. Bí iṣan bá ń dí díẹ̀díẹ̀, ìrora rẹ̀ a máa wá, a máa lọ, ó sì lè pẹ́ kí ó tó di ńlá. Bí ó bá dí lójijì, láàárín nǹkan bí wákàtí 6 ni ìfun lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ìfun tí ó ti kú kì í jí mọ́. Ìdọ̀tí àti kòkòrò àrùn tí ó wà nínú rẹ̀ yóò jò sínú ikùn àti sínú ẹ̀jẹ̀, gbogbo ara yóò sì fara gbá a.

Ọ̀nà 4 ni ìdíwọ́ yìí máa ń gbà wáyé. Èkínní, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú ọkàn, kí ìdì náà já, kí ó bá ẹ̀jẹ̀ lọ, kí ó sì lọ há sínú iṣan ìfun. Èyí ni ó ń fa nǹkan bí ìdajì gbogbo ìdíwọ́ òjijì. Ẹ̀ka ti àárín ni ó sì máa ń há sí jù, nítorí pé bí ẹ̀ka náà ṣe dagun sọ̀kalẹ̀ mú kí ó rọrùn fún ohun tí ń bọ̀ láti òkè láti yọ̀ wọ inú rẹ̀. Èkejì, ọ̀rá lè ti lẹ̀ mọ́ ara iṣan fún ọdún púpọ̀ títí ojú ọ̀nà fi há. Ẹ̀jẹ̀ yóò wá dì lórí rẹ̀, ọ̀nà yóò sì dí pátápátá. Ẹ̀kẹta, ọ̀nà lè ṣí sílẹ̀ gbayawu, ṣùgbọ́n kí ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ̀ má tó, nítorí pé ọkàn ti rẹ̀, tàbí omi ara ti gbẹ, tàbí ẹ̀jẹ̀ ti ṣòfò. Ẹ̀kẹrin, iṣan àbọ̀ ni ó lè dí: ẹ̀jẹ̀ wọlé, kò rí ọ̀nà jáde, ìfun a wú, ẹ̀jẹ̀ tuntun kò sì ní lè wọlé mọ́.

Wàyí o, ta ni ó yẹ kí ó ṣọ́ra?

Àgbà ni a ó kọ́kọ́ dárúkọ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí àìsàn yìí ń mú ti kọjá 60 ọdún. Iṣan ara a máa dàgbà pẹ̀lú ẹni tí ó ni ín. A máa le, a máa há. Nítorí náà, inú rírun òjijì tí ó mú arúgbó kò yẹ ní ohun tí a ń fi ojú inú rírun ọmọdé wò. Ó wọ́pọ̀ kí àgbàlagbà fara da ìrora, kí ó ní òun kò fẹ́ yọ àwọn ọmọ lẹ́nu ní òru. Àwọn ọmọ ni kí wọ́n má gbà fún un.

Lẹ́yìn ọjọ́ orí, ọkàn ni. Ọkàn tí ó yè a máa lù ní ìwọ̀n, bí ọwọ́ onílù tí ó mọṣẹ́. Nínú àwọn ènìyàn kan, apá òkè ọkàn kì í lù bó ti yẹ mọ́; jìnnìjìnnì ni ó ń gbọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó máa ṣàn a wá lúgọ sí kọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni ó sì ń dì sí. Bí ìdì náà bá já tí ó gba òkè lọ sí ọpọlọ, ẹ̀gbà ni. Bí ó bá gba ìsàlẹ̀ lọ sí ikùn, ìfun ni ó ń kú. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹni tí ó bá dá oògùn náà dúró nítorí pé ara rẹ̀ ti yá ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ohun tí a tì í mọ́ta. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, tí Ọlọ́run sì yọ ọ́, wà nínú ewu kan náà.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọkàn jẹ́ ti àgbà nìkan. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ilẹ̀kùn inú ọkàn wọn ti bàjẹ́ láti ìgbà èwe. Ọ̀fun dídùn ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọ a ní ọ̀fun ń dun òun, ilé a ní yóò lọ fúnra rẹ̀; ibà kan a tẹ̀lé e, oríkèé ara a máa dùn ún, a sì lọ. Ṣùgbọ́n ibà náà ti fọwọ́ ba ọkàn kí ó tó lọ. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ọkàn tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò pa dé dáadáa yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège, ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa dì nínú rẹ̀. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọ̀fun ọmọdé tí ó ń dùn pẹ̀lú ibà yẹ fún ìtọ́jú gidi ní ilé ìwòsàn.

Lẹ́yìn ọkàn, àwọn àrùn tí ń ba iṣan jẹ́ ni wọ́n tẹ̀lé e. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, àtọ̀gbẹ wà níbẹ̀, ọ̀rá àpọ̀jù inú ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, sìgá mímu sì ni olórí gbogbo wọn. Ìwà wọn jọ ara wọn: gbogbo wọn ń ha ojú iṣan, wọ́n ń mú kí ọ̀rá lẹ̀ mọ́ ọn. Kì í ṣe iṣan ìfun nìkan ni wọ́n ń bá jà. Ẹni tí iṣan ọkàn rẹ̀ tàbí ti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti há, tí ẹsẹ̀ ń dùn bí ó bá rìn díẹ̀, tí ó sì ń rọ̀ ọ́ bí ó bá dúró, kí ó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí iṣan ikùn òun náà ti máa há. Ohun kan sì wà tí ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: nínú irú èyí tí ń há díẹ̀díẹ̀, àwọn obìnrin ni wọ́n pọ̀ jù. Nítorí náà, kí màmá má ṣe sọ pé àìsàn onísìgá ni, kò kan òun.

Omi ara tí ó gbẹ náà jẹ́ ewu. Ẹni tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru tí ó sì ń bì, ẹni tí kọ́lẹ́rà mú, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ṣòfò lára rẹ̀ nígbà ìbímọ tàbí nínú ìjàǹbá ọkọ̀, ẹni tí àrùn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ara a máa ṣe bí onílé tí oúnjẹ kò tó. A máa kọ́kọ́ bọ́ ọpọlọ àti ọkàn, a sì máa dín ti ìfun kù. Bí àìtó náà bá pẹ́, ìfun yóò jìyà. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀, tí a ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àti ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ púpọ̀, wà nínú ẹgbẹ́ yìí.

Oògùn kan wà pẹ̀lú tí ó ń fún iṣan pọ̀. Kokéènì ni ó burú jù nínú wọn. Ó ti pa ìfun ọ̀dọ́ tí kò tíì pé 30 ọdún rí. Àwọn oògùn kan tí a ń lò fún ẹ̀fọ́rí túúlu àti àwọn kan tí a ń lò fún imú dídí lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí a bá lò wọ́n ní àlòjù. Àwọn oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí kan lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan àbọ̀ àwọn obìnrin díẹ̀, pàápàá àwọn tí ń mu sìgá tàbí tí ẹ̀jẹ̀ dídì wà nínú ìdílé wọn. Èyí kò ní kí ẹnikẹ́ni sáré da oògùn tí dókítà kọ fún un nù. Ohun tí ó yẹ ni kí ó sọ gbogbo ohun tí ó ń lò fún dókítà, títí kan àgbo àti èyí tí ó rà ní ọwọ́ akiri-ta-oògùn nínú ọkọ̀.

Àwọn kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn fúnra rẹ̀ ń yára dì: àwọn tí wọ́n bí i mọ́, àwọn tí jẹjẹrẹ ń bá jà, àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ti le, àwọn aboyún, àti àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ní ikùn. Àwọn tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde náà wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wọn a máa tẹ̀ bí dòjé, a sì máa dí àwọn iṣan kéékèèké. Òótọ́ ni pé inú rírun wọ́pọ̀ láàárín wọn, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń lọ pẹ̀lú omi àti oògùn ìrora. Ṣùgbọ́n èyí tí ó yàtọ̀ sí èyí tí ó ń ṣe wọ́n tẹ́lẹ̀, tí ikùn sì wú tí ó le, kì í ṣe ohun tí a ń dá tọ́jú nílé.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun mìíràn wà tí ń gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ìfun, tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ọkàn tàbí ọ̀rá rárá. Òun ni ìpá. Ìfun a máa gba ojú ihò tí kò lágbára ní ìsàlẹ̀ ikùn yọ sí abẹ́ ìtan tàbí sínú àpò ẹpọ̀n. Bí ẹni náà bá ń ṣiṣẹ́, a wú; bí ó bá dùbúlẹ̀, a padà wọlé. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti alágbàṣe a máa gbé e kiri fún ọdún gbọọrọ, wọn a fi ọ̀já dì í, ojú a sì máa tì wọ́n láti sọ. Lọ́jọ́ tí ẹnu ihò náà bá fún ìfun mọ́ra, kò ní lè padà wọlé mọ́. Iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ inú rẹ̀ yóò fún pọ̀, ìfun yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Nàìjíríà ti ń ka ìpá tí ó fún mọ́ àwọn ohun tí ó máa ń dí ìfun jù lọ. Iṣẹ́ abẹ kékeré ni ìpá tí kò tíì fún. Iṣẹ́ ńlá ni èyí tí ó ti fún, ó sì lè gba ẹ̀mí. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ọmọ ọwọ́ náà ní tirẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́ta sí ọdún kan, apá kan ìfun ọmọ lè wọ inú apá kejì, bí a ti ń ki apá aṣọ kan bọ inú èkejì. Ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ síbẹ̀ yóò dínkù. Ọmọ a ké lójijì, a ká ẹsẹ̀ mọ́ àyà, a dákẹ́ bí ẹni pé ó ti tán, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ a tún ké. A máa bì. Nígbà tí ó bá yá, ìgbẹ́ rẹ̀ a máa jáde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ àti ikun pupa. Ìyá àgbà a ní eyín ni ó fẹ́ hù. Àwọn mìíràn a ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Eyín kì í mú ọmọ yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ìyá náà gbé ọmọ rẹ̀ lọ lójú ẹsẹ̀.

Báwo ni ará ilé yóò ṣe dá àìsàn yìí mọ̀? Ti òjijì ní àmì kan tí ó ṣàjèjì. Ẹni náà a máa pariwo ìrora, a máa yí lórí ẹní, ṣùgbọ́n bí a bá fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, ikùn náà a rọ̀, kò ní wú, kò sì ní jọ pé nǹkan ńlá wà níbẹ̀. Ìrora pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ rí lọ. Ó ṣe ni láàánú pé àkókò yìí gan-an ni àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ó ń ṣe àṣejù. Ó lè bì, ó sì lè yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ìrora lè rọlẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúpẹ́ nígbà yìí, nítorí ó lè jẹ́ pé ìfun ti ń kú ni kò fi lè ké mọ́. Ikùn a wá wú, a le bí pátákó, ibà a dé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa dàrú. Bí ó bá ti dé ibẹ̀, ọ̀nà ti jìn.

Ti ìfun ńlá a máa rọrùn díẹ̀ ju èyí lọ, òun ni ó sì wọ́pọ̀ jù. Apá òsì ikùn a máa dun àgbàlagbà, ìgbẹ́ a máa gbọ̀n ọ́n, ẹ̀jẹ̀ a sì tẹ̀lé ìgbẹ́ náà. Púpọ̀ nínú rẹ̀ a máa san pẹ̀lú ìtọ́jú, ṣùgbọ́n dókítà ni yóò sọ èyí tí yóò san àti èyí tí kò ní í san.

Èyí tí ń há díẹ̀díẹ̀ ni ó ń da ilé rú jù. Ẹni náà a jẹun tán, láàárín ìṣẹ́jú 15 sí wákàtí kan inú rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, a sì lè tó wákàtí kan sí mẹ́ta kí ó tó rọlẹ̀. Ìfun ń béèrè ẹ̀jẹ̀ láti ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ kò sì lè gba ojú ọ̀nà tí ó há kọjá bó ti yẹ. Nígbà tí ó bá pẹ́, oúnjẹ a di ohun ẹ̀rù. Kì í ṣe pé ebi kò pa á. Ìrora tí ń tẹ̀lé oúnjẹ ni ó ń sá fún. A jẹ òkèlè méjì, a fọ ọwọ́. A máa rù, aṣọ a máa já lára rẹ̀. Wọn a ní ọgbẹ́ inú ni. Wọn a lo oògùn ọgbẹ́ inú títí, kò ní í gbọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń di ìjà nìyí. Bí ènìyàn bá ń jẹun ilé rẹ̀ tí inú ń run ún ní gbogbo ìgbà tí ó bá jẹ ẹ́, tí ó sì ń rù lọ, ohun tí ó rọrùn jù fún ọkàn láti gbà ni pé ẹnìkan ń fi nǹkan sínú oúnjẹ rẹ̀. Ìyàwó a di ẹni ìfura. Orogún a máa wo orogún. Ìyá ọkọ a kó oúnjẹ ọmọ rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, inú náà kò sì ní yé run. Ẹ wo irú ìpalára tí ó jẹ́: iṣan kan há nínú ikùn bàbá, ìdílé tú. Kí a tó pe ẹnikẹ́ni ní apànìyàn, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ wo iṣan.

Ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn lè ṣe nípa rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún 19 ni Rudolf Virchow, oníṣègùn ilẹ̀ Jámánì, ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ tí ó dì ní ibì kan ṣe lè ṣí lọ dí iṣan ní ibòmíràn. Ní 1895, J. W. Elliot, oníṣẹ́ abẹ ní Boston ní Amẹ́ríkà, kọ ìròyìn bí a ti gé ìfun tí ó ti kú kúrò, tí aláìsàn náà sì yè. Láàárín 1950 sí 1959 ni àwọn oníṣẹ́ abẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í la iṣan náà fúnra rẹ̀ láti yọ ìdì ẹ̀jẹ̀ kúrò kí ìfun tó kú. Lóde òní, ẹ̀rọ CT lè ya àwòrán iṣan ikùn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. A lè fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan kọjá láti la ọ̀nà. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sì wà. Síbẹ̀, bí ìtọ́jú bá pẹ́, ó ju ìdajì àwọn tí ti òjijì mú lọ tí ó ń kú. Ìmọ̀ ti pọ̀ sí i. Wákàtí ni kò pọ̀ sí i.

Nítorí náà, bí inú rírun òjijì tí ó le bá mú ẹni tí a ti dárúkọ irú rẹ̀ nínú ètò yìí, ẹ má fún un ní oògùn ìyàgbẹ́. Ẹ má rọ omi sí i ní ìdí. Ẹ má fi òróró wọ́ ikùn rẹ̀ tagbáratagbára. Ẹ má fún un ní oúnjẹ. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí oníṣẹ́ abẹ wà, kí ẹ sì kó gbogbo oògùn tí ó ń lò dání. Fún àwa tí ara wa ṣì le, iṣẹ́ wà níwájú: kí á máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà ara wa, kí á pa sìgá tì, kí á máa rìn, kí á lo oògùn ọkàn láìdá a dúró, kí á tọ́jú ìpá nígbà tí ó ṣì ń wọlé, kí á sì fún aláìsàn tí ń yàgbẹ́ gbuuru ní omi mímu tí ó tó.

Ohun kan ṣoṣo ni ó kù, ó sì wà lórí ahọ́n gbogbo ẹni tí ó gbọ́ èdè yìí. Bí èdè Yorùbá ti ko ohun gbogbo sábẹ́ inú rírun, bẹ́ẹ̀ náà ni ó fún wa ní ọ̀rọ̀ láti tú wọn sílẹ̀. Inú lè máa ta ni bí ẹni fi ata sí i. Ó lè máa gún ni bí ọ̀bẹ. Ó lè máa lọ́ ni bí ẹni fún aṣọ. Ó lè kún, ó lè wú, ó lè máa ro ni wúyẹ́wúyẹ́. Ó lè bẹ̀rẹ̀ lójijì bí ìgbà tí ìbọn dún, ó sì lè rìn wá bí ìgbín. Dókítà tí ó gbọ́ pé “inú ń run bàbá” kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: “Láti agogo méjì òru ni inú ti ń lọ́ bàbá lójijì, kò dáwọ́ dúró, ó ti bì lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ti sọ fún wọn rí pé ọkàn wọn ń lù ségesège, ó sì ti tó oṣù kan tí wọn kò lo oògùn rẹ̀ mọ́.” Ọmọ tí ó sọ báyìí ti ṣe ìdajì iṣẹ́ dókítà. Ó lè jẹ́ pé gbólóhùn rẹ̀ ni yóò gba ìfun bàbá náà là.